Ǹjẹ́ àgbéyẹ̀wò ló ń pinnu fíìmù tí a ń lọ wò?

Òǹwòran Bódìjà béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn sinimá. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí ilé sinimá kan níbí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Kí a tó kúrò nílé, mo ti ka àgbéyẹ̀wò mẹ́ta lórí fíìmù Yorùbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìtàn náà falẹ̀ jù. Ẹnì kejì ní àwọn òṣèré rẹ̀ gbìyànjú, ṣùgbọ́n olùdarí kò mọ ibi tó yẹ kí ó ti gé e. Ẹnì kẹta bẹnu àtẹ́ lu aṣọ tí wọ́n wọ̀, ó ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí láyé ìgbà tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí nínú ọkọ̀, a sì fẹnu kò pé fíìmù mìíràn ni a máa wò.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin kan wà níwájú wa pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Nígbà tí ó kàn án, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn fíìmù sí. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló bi léèrè pé, "Ọmọ mi, èwo ni àwọn ènìyàn ń wò jù?" Ọmọ náà dárúkọ fíìmù tí àwa ti pinnu pé a kò ní wò, ó sì fi kún un pé ẹ̀rín ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ń rín bọ̀. Obìnrin náà sanwó ènìyàn mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá Bísí, ṣé àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé ni ká gbọ́ tiwọn ni, àbí àwọn tó wò ó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín?" Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, a sì wo fíìmù kejì tí àwọn lámèyítọ́ yìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí a fi jókòó, à ń gbọ́ ariwo ẹ̀rín láti yàrá kejì.

Ìbéèrè mi nìyí: ǹjẹ́ àgbéyẹ̀wò tí àwọn lámèyítọ́ ń kọ máa ń yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà nípa fíìmù tó fẹ́ wò, àbí àwa díẹ̀ tí a máa ń ka nǹkan lórí fóònù ló rò bẹ́ẹ̀? Èmi gbà pé ó ní ipa, ṣùgbọ́n n kò lè tọ́ka sí ibi tí ipa náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta fíìmù rí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àgbéyẹ̀wò, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń wòran bíi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì, Òṣogbo, dáhùn pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Láti 1996 títí di 2007 ni mo fi ń yá àwọn ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní Òṣogbo, kí àwo VCD àti àwọn tó ń ṣe ayédèrú rẹ̀ tó lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Oṣooṣù ni mo máa ń lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, ní Èkó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò rí oníbàárà kan ṣoṣo tó mú ìwé ìròyìn dání wọlé pé èyí tí wọ́n yìn síbẹ̀ lòun fẹ́ wò. Kì í ṣe pé kò sí àgbéyẹ̀wò o. Àgbéyẹ̀wò pọ̀ jaburata, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ sì ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bá pàdé.

Ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ máa ń wò ni ojú àwọn òṣèré tó wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti rí ojú tó mọ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé, "Ṣé ó parí, àbí ó ku apá kejì?" Ohun tó burú jáì ni pé kí ènìyàn yá apá kìíní lálẹ́ Sátidé, kí apá kejì má sì sí lórí àtẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá bi mí pé, "Ṣé ó dùn?" N kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yẹn, nítorí bí mo bá tan ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ, yóò sì mú àwọn ará ilé rẹ̀ dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń mọ èyí tó dùn, torí pé n kò ráyè wo gbogbo ohun tí mo rà. Àdéhùn wa ni pé kí oníbàárà yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó dá a padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà kì í sì í bá wọn jà nítorí rẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé, mo máa ń wo inú fèrèsé kékeré tó wà lójú rẹ̀. Bí gbogbo téèpù bá ti ká sí apá ọ̀tún, a jẹ́ pé wọ́n wò ó tán. Bí ó bá dúró ní agbede méjì, tí apá òsì àti apá ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sanra bákan náà, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni oorun ti gbé wọn lọ, tàbí ibẹ̀ ló ti sú wọn. Ènìyàn kan lè sùn torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí kásẹ́ẹ̀tì kan náà bá padà dé láti ilé mẹ́ta, tó sì dúró ní agbede méjì nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ni mo tún ń wá? Mo ní ìwé kan tí mo ń sàmì sí, ìlà fún èyí tí wọ́n wò tán, òdo fún èyí tí wọ́n pa tì. Ìwé yẹn ni mo máa ń ṣí kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé ó dùn, òun náà sì ni mo ń mú lọ sí Ìdúmọ̀tà láti mọ ẹni tí n óò tún ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹgbẹ́ alárìnjò bí irú ti Hubert Ògúndé bá fẹ́ ṣeré nílùú, ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn sórí ni yóò yí ìgboro ká láti àárọ̀. Ìpolówó nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni àgbéyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó lọ wò ó bá ń fi ọ̀rọ̀ inú eré náà dápàárá lọ́jà, tí ẹni tí kò lọ yóò sì máa wò bí àlejò láàárín wọn. Ohun kan náà ni mo rí nígbà tí Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, èyí tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó yá a lánàá ni yóò rán ọmọ wá lónìí pé kí n tún fún òun, pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ wò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi èmi, mo ní àgbéyẹ̀wò ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tí a mọ̀, tí a sì lè padà lọ bá ní ìsọ̀ rẹ̀ bí ó bá parọ́ fún wa, ni tirẹ̀ máa ń wọ̀ wá létí.

Akọ́mọlédè dáhùn pé:

Ẹ kú ìrírí, Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì. Ìwé àmì yín yẹn wú mi lórí ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá irú rẹ̀.

Ní 1997, Jehoshua Eliashberg àti Steven Shugan gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi béèrè ohun tí Òǹwòran Bódìjà ń béèrè gan-an: ṣé lámèyítọ́ ló ń darí òǹwòran ni, àbí ṣe ló kàn ń sọ ohun tí òǹwòran yóò padà wá sọ? Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ kò fi bẹ́ẹ̀ bá owó tí fíìmù ń pa ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n ó bá owó àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn mu, ó sì bá àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ mu. Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé lámèyítọ́ ló ń ti àwọn ènìyàn lọ sí ilé sinimá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí a ti rí agbára rẹ̀, nígbà tí àgbéyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí aládùúgbò ẹni kò sì tíì wò ó kí ó tó lè ròyìn. Ohun tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ni pé lámèyítọ́ jọ ẹni tó wojú sánmà tó ní òjò ń bọ̀, kì í ṣe òun ló rọ òjò náà.

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Ní 2003, Suman Basuroy, Subimal Chatterjee àti S. Abraham Ravid yẹ nǹkan bí 200 fíìmù wò, wọ́n sì rí i pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àgbéyẹ̀wò tó bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù máa ń pa á lára ju bí èyí tó yìn ín ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ. Wọ́n tún rí i pé òṣèré olókìkí àti owó rẹpẹtẹ tí wọ́n fi ṣe fíìmù máa ń gbé fíìmù tí wọ́n bú dìde díẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti David Reinstein àti Christopher Snyder ní 2005. Gene Siskel àti Roger Ebert ni wọ́n fi ṣe ìwádìí, àwọn lámèyítọ́ méjì tó máa ń gbé àtàǹpàkò sókè tàbí kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò lórí tẹlifíṣàn. Àgbéyẹ̀wò wọn lórí àwọn fíìmù kan máa ń jáde kí fíìmù náà tó wọ ilé sinimá, ti òmíràn á sì jáde lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nípa fífi méjèèjì wéra, àwọn olùwádìí náà lè ya agbára àgbéyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára dídára fíìmù fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i pé àtàǹpàkò méjì tó dìde sókè ní ipa lórí eré tó dá lé ìgbésí ayé ẹ̀dá, àti lórí fíìmù tí ilé sinimá díẹ̀ péré gbà. Lórí fíìmù ńláńlá tí gbogbo ayé ti gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ̀rí kò tó nǹkan.

Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbí pẹ̀lú. Nígbà tí A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, tó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá, ta ló ń dúró de lámèyítọ́? Ènìyàn ti rí òṣèrébìnrin náà lórí fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́, ọdún Kérésìmesì ti dé, àwọn ọmọ fẹ́ jáde. Níbi tí orúkọ ńlá kò bá sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó wà nínú àpò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ ti ń rí ilẹ̀ dúró sí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé mo ń rí i lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n á ní Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó ìdájọ́ àwọn lámèyítọ́ jọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, fún fíìmù kan ní ìdá 90 nínú 100, wọ́n á sì gbà pé máàkì 90 ni fíìmù náà gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú lámèyítọ́ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ní ó ṣeé wò. Bí gbogbo àwọn mẹ́sàn-án yẹn bá fún un ní 6 nínú 10, ìdá 90 náà ni yóò jẹ́. Láti ìdá 60 lọ sókè ni wọ́n ti ń ya tòmátì pupa sí i, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gba èyí tó fọ́. Fíìmù tí gbogbo ènìyàn rò pé ó kàn dára díẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ borí èyí tí àwọn kan fẹ́ràn dọ́kàn, tí àwọn mìíràn kò sì fẹ́ rí sójú.

Ìyá Ìbejì, Peckham, dáhùn pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. N kì í kọ nǹkan síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ọlọ́jà kankan tí a lè bi pé, "Ṣé ó dùn?" Àwòrán ló kún ojú Netflix, gbogbo wọn ló sì ń fani mọ́ra.

Nígbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn ọmọ mi ka àgbéyẹ̀wò nípa rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ó gùn. Mo fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, tó fi ń bú Arólákẹ́. Ó ní obìnrin tó fi ààfin sílẹ̀ tẹ̀lé aláṣọ òfì, kí ló retí? Kí n tó dáhùn, àbúrò wa tó wà ní Houston ti dá sí i, ó ní Sàró, aláṣọ òfì náà, ni ọ̀dàlẹ̀, pé Arólákẹ́ ló mọ ohun tó wà nínú kèrègbè tó ń jí òkú náà, tó sì fi ẹ̀mí Sàró jíǹkí rẹ̀. Wọ́n jà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi nìkan ni kò lè sọ ohunkóhun. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́ padà.

Ohun tó dùn mí nínú àgbéyẹ̀wò tí àwọn ọmọ kà ni pé ẹni tó kọ ọ́ gbé gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ karí ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Kò sí ibi tó ti sọ bóyá Yorùbá ẹnu àwọn òṣèré náà yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu tàbí ṣe ni wọ́n há a sórí, bóyá oríkì tí wọ́n kì bá ẹni tí wọ́n ń kì mu. Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, torí pé ìdí tí mo fi ń wò ó ni pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ. Bí lámèyítọ́ bá ń dáhùn ìbéèrè tí n kò béèrè, báwo ni yóò ṣe darí mi?

Ọmọ Kọ̀wékọ̀wé dáhùn pé:

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò fíìmù, mo sì gba ohun tí Mọ́mì wa láti Peckham sọ pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo rò pé àwọn tó ń ka àgbéyẹ̀wò kò ní ka Yorùbá.

Ní ọdún tó kọjá, mo rí fíìmù kan lórí YouTube tí kò ní òṣèré olókìkí kankan nínú. Ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ni, inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀, àwọn tó sì ti wò ó kò tó ẹgbẹ̀rún. Mo kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Yorùbá sórí Facebook. N kò sọ òpin ìtàn náà. Mo sọ pé ibì kan wà tí ìyá náà ń gé ilá tí kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, tí ohùn ọ̀bẹ lórí pákó sì sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ wo abẹ́ fíìmù náà, mo sì ka ènìyàn 41 tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí ilá yẹn ni àwọn ṣe wá. Ènìyàn 41 kò lè kún ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe fíìmù náà kọ̀wé sí mi pé òun ti fẹ́ pa iṣẹ́ náà tì kí òun tó rí wọn. Ohun tí Akọ́mọlédè sọ nípa fíìmù kékeré, mo ti fi ojú ara mi rí i.

Ó ku ohun kan tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Agbéréjáde kan fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi kí n tó wo fíìmù rẹ̀ rárá, ó ní kí n "ṣe é dáadáa". Mo dá owó náà padà, kò sì tún pè mí mọ́. Àwọn kan ń gbà á. Òǹkàwé kò sì mọ èyí tí wọ́n sanwó fún yàtọ̀ sí èyí tó ti inú ènìyàn wá, nítorí náà n kò dá obìnrin tó béèrè lọ́wọ́ olùta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Iwájú ọmọ yẹn ni àwọn òǹwòran ń gbà jáde.

Òǹwòran Bódìjà tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé ká padà lọ. A lọ ní alẹ́ àná, a wo fíìmù tí mo kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Kí n sọ òtítọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọ àgbéyẹ̀wò kò parọ́. Ìtàn náà falẹ̀ lóòótọ́, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n sin baálé náà tán. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò bá ìgbà náà mu, torí mo rí síìpù lẹ́yìn bùbá kan. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó dití, tó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ogún. Nígbà tó wá la ẹnu rẹ̀ ní ìpàdé ẹbí, ẹ̀rín pa ìyàwó mi débi tó fi di apá mi mú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta náà tó dárúkọ ìyá àgbà yẹn. Wọn kò tilẹ̀ sọ pé fíìmù náà ń pani lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa rẹ̀, èmi ni n bá wà níwájú obìnrin yẹn lórí ìlà.

Ọmọ Kọ̀wékọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ fíìmù ìyá tó ń gé ilá yẹn? Mo ka ibẹ̀ sí ìyàwó mi létí, ó ní ká wò ó lálẹ́ òní.